Báwo ni abúlé kékeré bíi Guimiliau ṣe rí owó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Owó aṣọ ọ̀gbọ̀ ni. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, àwọn àgbẹ̀ oníṣòwò agbègbè yìí ní Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n ń tà dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrè rẹ̀ sì ni ìjọ abúlé kọ̀ọ̀kan fi ń bá èkejì díje nínú kíkọ́ ilé Ọlọ́run.

Lójú tèmi, òkúta Kálfárì (ọ̀wọ̀n àti ère òkúta tí ó ń fi ikú Jésù lórí àgbélébùú hàn) inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Láàárín 1581 sí 1588 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ère ara rẹ̀ sì tó nǹkan bí 200. Ní apá kan, àwọn ẹ̀mí èṣù ń wọ́ obìnrin kan lọ sí ẹnu ọ̀run àpáàdì, èyí tí ó ya gbàù bí ẹnu ẹranko. Katell Gollet ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe obìnrin náà. Ìloro gúúsù ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí ó ní ère àwọn Àpọ́sítélì nínú, jẹ́ iṣẹ́ ọnà Renaissance, ìyẹn àṣà ilẹ̀ Yúróòpù tí ó jí ọnà Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ dìde.

Láti ìgbà òfin 1905 tí ó ya ìjọba kúrò lára ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni irú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé bẹ́ẹ̀, òun ni àtúnṣe wọn sì já lé léjìká.