Sí ẹni tó béèrè nípa màmá wọn tí wọ́n bá MS lára wọn ní ẹni ọdún 64

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní okun. Ẹ sọ pé Birmingham ni wọ́n ń gbé, pé multiple sclerosis (MS), àìsàn ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, irú èyí tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni dókítà pè é, àti pé ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìbàdàn sọ pé àìsàn àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó nìyẹn, kí ẹ yáa gbé màmá wálé. Ẹni ọdún 57 ni èmi náà nígbà tí wọ́n sọ irú rẹ̀ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo sì rí láti ìgbà náà ni pé kò sí ibi tí ọjọ́ orí kì í ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Òótọ́ ni pé láàárín ọdún 20 sí 40 ni wọ́n sábà máa ń rí i lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ oríṣi tí màmá ní, primary progressive, tó jẹ́ ti nǹkan bíi 10 sí 15 nínú 100 àwọn tó ní MS, máa ń pẹ́ kó tó yọjú, ó sì ń ṣe ọkùnrin bó ṣe ń ṣe obìnrin. Ní ti pé ti òyìnbó nìkan ni, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé Richard Pryor, gbajúmọ̀ aláwàdà ará Amẹ́ríkà, ní in láti 1986 títí ó fi kú ní 2005, àti pé ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 láti gúúsù California fi hàn pé ó ń mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ju àwọn obìnrin òyìnbó lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló ń jẹ ọ̀rá tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ rọ́bà ara wáyà iná, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ẹsẹ̀ kò fi ní dé bó ṣe yẹ. Kì í ràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfiṣe.

Ohun tó mú kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe mí ni pé gbogbo àmì rẹ̀ ló jọ ti ogbó. Bí mo bá rìn díẹ̀ láti ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́. Àárẹ̀ kan sì wà tí oorun kò lè lé lọ. GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò, sọ pé ọjọ́ orí ni, ó tún sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọrùn mi, wọ́n rí i pé eegun rẹ̀ ti ń gbó, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti lé ní 50, wọ́n bá di gbogbo ẹ̀bi ru eegun ọrùn. Kódà nígbà tí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, fi àwọn àmì funfun hàn nínú ọpọlọ, ẹnìkan ṣì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, kò sì purọ́ pátápátá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára àgbàlagbà. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n ya àwòrán ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ogbó kì í sábà fi irú àmì yẹn sí, wọ́n sì fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn náà wò, wọ́n bá àmì iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara níbẹ̀, èyí tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe méjèèjì fún màmá, kí ẹ sì béèrè nípa Vitamin B12, nítorí àìtó rẹ̀ lè mú ẹsẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, òun sì ní ìwòsàn.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún oríṣi yìí ni ocrelizumab, tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó bá yẹ ní 2019, tí wọ́n máa ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Kì í dá ohun tó ti lọ padà. Nínú ìdánwò rẹ̀, nǹkan bíi 33 nínú 100 àwọn tó gbà á ni àìlera wọn pọ̀ sí i, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 39 láàárín àwọn tí kò gbà á. Kò sí ẹni tó ti ju ọdún 55 lọ nígbà tí wọ́n mú wọn wọlé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè máa lọ́ra fún ẹni ọdún 64. Èmi gbà á nítorí pé MRI mi fi hàn pé àìsàn náà ṣì ń jà. Bí ti màmá kò bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi túláàsì béèrè rẹ̀.

Bí wọn yóò bá gbà á, ọ̀rọ̀ méjì kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò hepatitis B, nítorí pé ó wọ́pọ̀ nílé, oògùn náà sì lè jí èyí tó ti sùn nínú ẹ̀dọ̀. Èkejì ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí à ń tìtorí rẹ̀ gba káàdì yẹ́lò: kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gún un lẹ́yìn tí oògùn bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá káàdì àtijọ́ màmá jáde, torí láti 2016 ni káàdì náà ti di ti gbogbo ayé ẹni. Bí kò bá sí, kí dókítà mọ̀ ṣáájú pé wọn yóò fẹ́ máa lọ sílé, torí ẹni tó bá ti lé ní 60 kì í kàn gún abẹ́rẹ́ yẹn láìjẹ́ pé wọ́n gbé e yẹ̀ wò dáadáa.

Kí wọ́n lọ sílé, kò burú, àmọ́ kì í ṣe ní oṣù Kẹta tí oòrùn ń yan ènìyàn. Ooru máa ń mú kí ẹsẹ̀ túbọ̀ rọ, kí ojú sì ṣú, ibà lásán tàbí àkóràn ojú ìtọ̀ náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀; bí ara bá ti tutù, ó máa ń padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé àìsàn náà ti tún le.

Bí màmá bá ń wa mọ́tò, dandan ni kí wọ́n sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Èyí tó kánjú jù ni owó. PIP, owó ìrànwọ́ ìjọba fún aláìlera, tó ní apá tó wà fún ìrìn, ni ẹni tí kò tíì dé ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lè béèrè fún. Ẹni tó bá ti rí i gbà ṣáájú lè máa gbà á lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ orí yẹn, Attendance Allowance, owó ìrànwọ́ fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, ló kù, òun kò sì ka ìrìn sí rárá. Ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì náà ń ti 66 lọ sí 67 báyìí, nítorí náà ẹ yẹ ọjọ́ ti màmá wò, kí ẹ sì pè fún fọ́ọ̀mù PIP lọ́sẹ̀ yìí.