Ìlà tó ń dán lára ọ̀gànwó

Ẹni tó bèèrè ní ojú tábìlì ọ̀gànwó (igi mahogany) òun dán ní ìlà kan, ó ya wúruwùru ní ìlà kejì, káfíńtà òun sì ní igi burúkú ni wọ́n tà ní Sawmill, Ìlọrin. Igi yẹn ò burú o. Bí ọ̀gànwó ṣe ń dàgbà, okùn inú rẹ̀ á tẹ̀ sọ́tùn-ún fún ìgbà kan, á tún yí padà sósì. Ìlà tó bá kọjú òdì sí abẹ ló ń ya. Yíyí tí okùn ń yí yẹn náà ló ń mú kó dán: ẹ dúró lápá kan tábìlì, ìlà kan á mọ́lẹ̀, ẹ bọ́ sódì kejì, ìlà yẹn á ṣókùnkùn.

Kò yẹ kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ fá a mọ́. Ẹ pọ́n abẹ ìfági kó mú dáadáa, ẹ sún irin ẹ̀yìn abẹ mọ́ ẹnu rẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má tó mìlímítà kan, kẹ́ ẹ máa fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó bá ṣì ń ya, irin pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ fi ha á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sánpépà nọ́ńbà 120, 180, 240 (látorí èyí tó le dórí èyí tó kúnná) fá a ní òòró igi nìkan. Ẹni tó bá ń fi yí po ti pa dídán rẹ̀.

Àwọ̀ dúdú tó nípọn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún. Kí lèèyàn fẹ́ fi owó ọ̀gànwó rà tó tún máa bò ó mọ́lẹ̀? Sándíń sílà (ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn láti dí ihò ojú igi) ẹ̀ẹ̀mejì, sánpépà 320, lákà fẹ́lẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó tán.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra pákó, ẹnu rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gé e, ni kẹ́ ẹ wò. Òrùka ọ̀gànwó, ìyẹn ìlà ìdàgbàsókè inú igi, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ fi abẹ gé e mọ́, ẹ fi omi pa á. Bí òrùka bá dúró ṣánṣán, ìlà á jáde lójú pákó. Bó bá sùn gbalaja, àwòrán bí ọwọ́ iná lẹ máa rí. Èyí tó dúró máa ń wọ́n jù, torí bí wọ́n ṣe ń là á ń fi igi ṣòfò. Ẹ tún wá ìlà tín-ín-rín tó gba ìbú pákó kọjá bí ojú abẹ, pàápàá lára igi ńlá. Pákó bẹ́ẹ̀ lè kán lójijì lẹ́yìn tó ti di ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ má gbà á, bó ti wù kó pọ́n tó.

Tó bá jẹ́ tútù lẹ rà á, ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, igi ìnṣì kan láàárín pákó sí pákó, ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn, kí àwọn igi ìnṣì kan yẹn sì tò léra gbọọrọ. Ẹ fi ọ̀dà kun ẹnu méjèèjì. Nígbà ọyẹ́, ẹ ta tàpólì sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu pákó á la. Ẹ má sì kan ìṣó irin mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù, àbàwọ́n dúdú á yọ yí ìṣó ká.