Oówo abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gínì-pìgì: ẹ má ṣe sáré fún un ní kápúsù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin dókítà ẹranko wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmọ̀ràn tí ẹ ń fún wa. Àbígbẹ̀yìn mi ní gínì-pìgì kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ mú wá fún un láti Ìbàdàn, Dúdú ni ó sọ ọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti kọ́kọ́ rí kókó kan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà náà kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti tó ẹyìn ńlá báyìí, ibẹ̀ sì máa ń gbóná bí mo bá fi ọwọ́ kàn án. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi omi gbígbóná jó o, kí n sì tẹ ọyún rẹ̀ jáde bí a ti ń ṣe fún oówo ọmọdé. Ẹni tí ó ń ta oògùn ní àdúgbò wa ní Ìsọ̀kùn ní kí n tú kápúsù Ampiclox sínú omi kí n máa fún un mu. N kò tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Tóbi, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ kú àmójútó. Inú mi dùn pé ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n fún yín, èyí tí ó jọ pé ó bá ìmọ̀ ìṣègùn mu ni ó lè tètè pa Dúdú. Kápúsù yẹn ni mò ń wí.

Ampicillin àti cloxacillin ni ó wà nínú rẹ̀, ọmọ ìyá sì ni àwọn méjèèjì pẹ̀lú penicillin. Koríko ni gínì-pìgì ń jẹ, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó kún inú ìfun rẹ̀ ni wọ́n sì ń bá a sọ koríko náà di oúnjẹ. Àwọn kan náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú rí àyè gbà níbẹ̀. Bí penicillin, ampicillin, amoxicillin, clindamycin tàbí erythromycin bá gba ẹnu wọlé, àwọn kòkòrò rere ni yóò kọ́kọ́ pa, èyí tí a ń pè ní Clostridium difficile yóò gbilẹ̀, yóò sì máa tu májèlé sínú ìfun. Ẹranko náà yóò kọ oúnjẹ, ó lè máa ṣu omi, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tetracycline náà wà lára àwọn tí a ń yẹra fún. Ìpara tí ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú kò dára pẹ̀lú, nítorí pé yóò lá a.

Wọ́n gbé irú rẹ̀ kan wá bá mi nígbà kan láti ojúlé kan nítòsí ọjà Odò-Ògbé ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti fi ń fún un ní amoxicillin olómi tí ó ṣẹ́kù lára ti ọmọ wọn. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé ọrùn rẹ̀, oówo náà ti ń fà lóòótọ́, inú onílé sì ń dùn, ṣùgbọ́n ikùn ẹranko náà ti wú, ìdí rẹ̀ tutù fún ìgbẹ́, kò sì lè gbé orí sókè mọ́. Kò di ọjọ́ kejì.

Ní ti ìmọ̀ràn ìyá ọkọ yín, aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a sì gbé lé e kò ní ìpalára, títẹ̀ ni kò dára. Oówo tiwa máa ń là, ọyún rẹ̀ a sì máa ṣàn. Ti gínì-pìgì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọyún rẹ̀ máa ń ki bí òrí tí ó ti dì, ara a sì mọ àpò líle yí i ká. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, inú ni àpò náà lè bẹ́ sí, tí ọyún yóò sì tàn kálẹ̀ lábẹ́ awọ. Kíkí yìí náà ni kì í jẹ́ kí oògùn nìkan wò ó sàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé oògùn kiri kì í dé àárín ọyún.

Nítorí náà, dókítà ẹranko ni yóò là á. Yóò kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fà á wò láti mọ̀ bóyá ọyún ni, torí pé kókó mìíràn lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Yóò yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí pé eyín 20 tí gínì-pìgì ní kì í dáwọ́ dídàgbà dúró, gbòǹgbò eyín tí ó bá bàjẹ́ a sì máa fa oówo sí àgbọ̀n. Bí ti Dúdú bá jẹ́ irú èyí, fífá ọyún nìkan kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí eyín náà. Bí kì í bá ṣe eyín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé koríko líle gún un lẹ́nu, tí kòkòrò Streptococcus sì gba ibẹ̀ dé kókó ọrùn.

Dókítà yóò kùn ún lóorun, yóò fá irun ibẹ̀, yóò sì là á ní ìsàlẹ̀ pátápátá kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè máa ro sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó lè yọ àpò náà lódindi, èyí tí ó sàn jù bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí pé kì í sábà padà. Bí ó bá là á, kò ní rán an pa, inú ni ó ti gbọ́dọ̀ jinná bọ̀ wá sí òde. Oògùn tí ó sábà máa ń lò ni enrofloxacin tàbí trimethoprim pẹ̀lú sulfa, meloxicam sì wà fún ìrora, ṣùgbọ́n òun ni yóò wọn ẹranko náà kí ó tó sọ iye rẹ̀. Ẹ má ṣe febi pa á mọ́jú kí ẹ tó gbé e lọ, nítorí pé gínì-pìgì kì í bì, ebi sì máa ń dá ìfun rẹ̀ dúró. Bí ẹ kò bá rí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹran kékeré ní Iléṣà, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yín gan-an, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá gbé e dé ilé ni. Ẹ se omi píọ́wọ́tà ọ̀rá kan, èyí tí ó jẹ́ ìdajì lítà, ẹ po ṣíbí tíì kan iyọ̀ tí a gé orí rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi sírínjì tí ẹ ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ fà á, ẹ máa tu ú sínú ihò náà ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ títí omi tí ń jáde yóò fi mọ́. Bí èèpá bá tètè bò ó lójú, ẹ rọra fi omi náà rọ̀ ọ́ kúrò, nítorí pé bí òde bá pa dé kí inú tó jinná, ọyún yóò tún kó jọ. Ẹ má ṣe da spirit sí i rárá. Inú yàrá tí ó ní nẹ́ẹ̀tì ni kí ó máa gbé, nítorí pé bí eṣinṣin bá yé sí egbò náà, ìdin lè yọ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n ilé ìdáná láràárọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún ìdajì ọjọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ rẹ fíìdì ehoro kí ó rọ̀, kí ẹ máa fi sírínjì fún un díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ẹ sì pe dókítà. Bí àwa ènìyàn ni ó rí, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, egbò kì í sì í jinná láìsí i. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá nílò nǹkan bí mílígíráàmù 30 sí 50 fún kílò kan lójúmọ́, nítorí náà ìdajì hóró oníwọ̀n 100 tó fún ẹni kílò kan. Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ, ẹ má fi sínú omi mímu rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń tètè lọ. Gúáfà àti tàtàṣé náà dára fún un.

Bí ẹ bá ní òmíràn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí kòkòrò yìí ran ènìyàn, síbẹ̀ kí Tóbi má ṣe fọwọ́ kan egbò náà, kí ẹ̀yin náà sì fi ọṣẹ fọwọ́.

ÌBÉÈRÈ: Kókó mẹ́ta ni ó wà ní ìdí gínì-pìgì mi. Ihò kékeré wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan ń mira níbẹ̀. Ṣé oówo ni?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Lágeré, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Bí ohun tí ẹ sọ yìí, ìdin ni. Eṣinṣin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cordylobia anthropophaga máa ń yé sí iyanrìn abẹ́ òjìji tàbí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, ìdin rẹ̀ a sì wọ inú awọ. Ìdí kan náà nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń lọ aṣọ ọmọ ìkókó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ fi fasilínì dí ojú ihò náà kí ìdin má lè mí, yóò yọrí jáde, kí dókítà sì fi ẹ̀mú fà á yọ lódindi, nítorí pé bí ó bá já sínú, ibẹ̀ lè di oówo gidi. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ tí ẹ ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, pàápàá ojú rírán, torí pé ibẹ̀ ni omi ti máa ń pẹ́ gbẹ.