Wọ́n ní kí n gba Botany, pé màá cross sí Medicine: ṣé òótọ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Medicine ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ṣùgbọ́n Botany ni ilé ìwé fún mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì ládùúgbò wa tí wọ́n wà ní 200 level níbẹ̀ ní kí n gbà á lórí CAPS, ìkànnì JAMB tí a ti ń gba àyè tí ilé ìwé fún wa, pé lẹ́yìn ọdún kan màá cross sí Medicine. Ṣé GP 4.5 nínú èsì ìdánwò mi á tó?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ GP kọ́ ló kàn. Ohun tó yẹ kí o bi ara rẹ ni pé: bí wọn ò bá gbà mí sí Medicine láéláé, ṣé mo lè ka Botany parí, kí n sì fi jẹun? Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ rárá, má gbà á. Ìmọ̀ràn "ṣáà kọ́kọ́ wọlé ná" yìí ń bí mi nínú, torí ọdọọdún ni wọ́n ń fi kó àwọn ọmọ sínú ẹ̀kọ́ tí ọkàn wọn ò sí níbẹ̀.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, gbọ̀ngàn kan náà ni ọmọ Medicine àti ọmọ Botany ti ń kọ́ Biology, Chemistry àti Physics ní 100 level. Wọ́n jọ ń jà du àga, wọ́n jọ ń ṣe ìdánwò, ó wá dà bí ẹni pé kò sí ògiri láàárín wọn. Ògiri wà. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà. Kóta ni wọ́n ń pè é. Kí GP rẹ tó wúlò, àyè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣófo. Àwọn tó fi Medicine wọlé gan-an, ẹ̀rù ń bà wọ́n ní 100 level: ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá dé ibi tí wọ́n fa ilà sí, ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n ń dà á sí. Ẹnu ọ̀nà tí o fẹ́ gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lé àwọn mìíràn jáde.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀ka tí ò ń lọ gbọ́dọ̀ gbà ọ́, èsì WAEC tàbí NECO rẹ gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n ń béèrè mu, JAMB náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Bí orúkọ rẹ bá wà nínú kọ́ọ̀sì kan lọ́dọ̀ JAMB tí o sì jáde nínú òmíràn, ìgbà tó bá kan àgùnbánirọ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà yàtọ̀ láti ilé ìwé kan sí èkejì, ó sì ń yí padà, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ nípa ti ilé ìwé tìrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ náà ò lè ṣe é. Ọ́fíìsì ẹ̀ka ìṣègùn níbẹ̀ ni kí o lọ bi.

Mi ò ní kí o má gbọ́ tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ o. Ohun tí wọ́n fojú rí ni kí o bi wọ́n. Bi àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì bóyá àwọn fúnra wọn cross. Bí wọn ò bá ṣe é, ní kí wọ́n mú ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò bọ́ sí i, torí ẹni tó cross ni gbogbo ilé ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí wọ́n dá padà kì í wí. Lẹ́yìn náà, wá ọmọ Botany kan ní 400 level. Ní kó ṣí ìwé practical rẹ̀ fún ọ, kó sọ bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ, kọ́ọ̀sì tó gbé e ṣubú, ibi tó ti ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́), àti ohun tó sú u. Bẹ̀ ẹ́ kó mú ọ wọ kíláàsì kan. Iṣẹ́ wà fún ẹni tó fẹ́ràn ewéko: IITA tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti FRIN tó ń ṣèwádìí igbó ń bẹ n'Ìbàdàn, CRIN tó ń ṣèwádìí kòkó ń bẹ ní Ìdí-Ayunrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi Botany dúró de Medicine kì í rí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ènìyàn ní admission, kí o mú owó wá kí wọ́n bá ọ yí kọ́ọ̀sì padà, olè ni. Má dá a lóhùn.

Bó bá jẹ́ Medicine nìkan lo fẹ́, tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn yunifásítì kan tún ń gba ẹni tó ti gboyè sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú èsì tó dára wọlé nípasẹ̀ Direct Entry. Ọ̀nà tó gùn ni, ó sì ṣòro, àmọ́ ó wà. Lọ sí ọ́fíìsì náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o tó tẹ ohunkóhun lórí CAPS, torí wọn kì í fi àyè sílẹ̀ de ènìyàn títí.