Lexotan: Ẹ Má Jáwọ́ Nínú Ẹ̀ Lójijì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọdún méjì ni mo ti ń lo Lexotan 3 mg, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, nítorí àìbalẹ̀ ọkàn. Láìpẹ́ yìí ni mo dáwọ́ ẹ̀ dúró pátá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àyà mi ń já, mi ò rí oorun sùn. Mo ti padà sídìí ẹ̀. Ṣé àìsàn mi ló tún dé ni? — Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́lá, ó dáa tí ẹ padà sídìí ẹ̀. Bromazepam tó wà nínú Lexotan máa ń ro GABA lágbára, èròjà tí ọpọlọ fi ń pẹ̀tù sí ara rẹ̀. Bí oògùn bá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, ọpọlọ á dẹwọ́ nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ lójijì ti yọ bíréèkì ọkọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gìrì lè mú un, ìyẹn sì lè la ẹ̀mí lọ.

Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dín oògùn kù, tó sì ń rọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, oògùn tó dín ló sábà máa ń fà á, pàápàá tí ohun tí kò ṣe yín rí bá wà níbẹ̀: kí etí máa hó, kí ìmọ́lẹ̀ máa gún ojú.

Ẹ rí dókítà kí ẹ tó gé ohunkóhun kúrò. Ó lè ní kí ẹ bọ́ sórí diazepam, oògùn irú kan náà, torí pé ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bromazepam lọ. Bromazepam 6 mg tí ẹ ń lò lójúmọ́ súnmọ́ diazepam 10 mg. (Arúgbó àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn ní láti ṣọ́ra fún ìpààrọ̀ yìí.) Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ ń lò ni ẹ ó máa yọ, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra: 1 mg diazepam títí ẹ ó fi dé 5 mg, lẹ́yìn náà 0.5 mg. Bó bá yá jù, nǹkan bí oṣù méje nìyẹn. Ìsàlẹ̀ yẹn ló le jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti máa ń kánjú.

Bí ara bá le, ẹ dúró lórí ìwọ̀n tí ẹ wà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún un. Ẹ má fo oògùn lónìí kí ẹ sì lo méjì lọ́la. Ẹ wo mg tó wà lára káàdì nígbà gbogbo, nítorí pé 1.5, 3 àti 6 ló wà.

Fún àyà tó ń já: ẹ mí sínú láti imú títí ẹ ó fi ka 4, ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ka 6, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni kí ẹ ti fi kọ́ra, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mímí kíákíá máa ń mú kí ìka ṣe yín ṣínníṣínní, ìyẹn á sì tún dá kún ìpayà. Bí oorun bá kọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ dín obì àti kọfí kù. Ẹ má fi ọtí tàbí tramadol dípò oògùn yìí. Bí ẹ bá pò wọ́n mọ́ ọn, wọ́n lè dá èémí dúró. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ náà, ọtí ni.

Gìrì, kí ẹ máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí èrò láti pa ara yín: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dá lọ.