Nǹkan oṣù mi ò tíì dé látìgbà tí mo ti dá abẹ́rẹ́ dúró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 6 ni mo fi gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta, mo ti wá dá a dúró torí a fẹ́ bímọ sí i, ó ti tó oṣù 8 báyìí àmọ́ nǹkan oṣù mi ò wá, ẹ̀jẹ̀ rúsúrúsú kékeré kan ló kàn máa ń yọ lára páńtì nígbà míì. Ọ̀rẹ́ mi ní abẹ́rẹ́ yẹn ti ba ilé ọmọ mi jẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ìyá Tọ́pẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, abẹ́rẹ́ yẹn kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹyin jáde, kì í sì í jẹ́ kí inú ilé ọmọ nípọn débi tí ẹ̀jẹ̀ á fi dà, oògùn ẹ̀ ò wá tètè tán lára, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí gbogbo ẹ̀ tó tò padà. (Àwọn tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tiwọn sábà máa ń dé láàárín oṣù 3.) Tó bá dé náà, oṣù kan lè pọ̀, kí òmíì má tó nǹkan.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹyin ló máa ń kọ́kọ́ jáde kí nǹkan oṣù tó dé, èèyàn lè ti lóyún kó má mọ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi ìtọ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún. Tí kò bá sí oyún, ẹ rí dókítà kí wọ́n yẹ hòmóònù yín wò, ìyẹn àwọn èròjà inú ara tó ń darí nǹkan oṣù, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan oṣù tó sá lẹjọ́ abẹ́rẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà débi pé ẹ̀ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí-wákàtí, ẹ má dúró rárá, ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.