Sípíkà Rédíò Ham Tó Ń Dún Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀: Kí Ni Kí N Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Rédíò ham (rédíò tí àwa aládàáni fi ń bára wa sọ̀rọ̀) tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lórí HF, ìyẹn ìgbì rédíò tó ń lọ jìnnà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láti ibi sípíkà rẹ̀. Bí mo bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Àmọ́ bí ẹni tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń gbọ̀n bí ọmọrí ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ sípíkà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó sí sípíkà. Ariwo tó jẹ́ pé ìgbà tí ohùn bá rinlẹ̀ ló ń yọ sábà máa ń jẹ́ ti nǹkan kan tó tú, tí sípíkà wá ń mì í jìgìjìgì. Sípíkà ọ̀hún lè má lábùkù rárá.

Ẹ wá sípíkà 8 ohm mìíràn tó dára (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná), kí ẹ tì í bọ ihò sípíkà ìta tó wà lẹ́yìn rédíò. Ihò 3.5 mm ló wọ́pọ̀, bí púlọ́ọ̀gì bá sì ti wọlé, sípíkà inú á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Irú púlọ́ọ̀gì tí ìwé rédíò yín bá sọ ni kí ẹ lò o, torí pé nínú àwọn rédíò kan, wáyà sípíkà kankan kò gbọdọ̀ kan irin ara rédíò. Bí ohùn bá mọ́ kedere lára sípíkà ìta, inú àpótí rédíò ni ìṣòro wà. Bí ariwo bá tẹ̀ lé yín débẹ̀, sípíkà kọ́ ló ṣẹ̀.

Ká ní inú àpótí ni. Ẹ má tíì tú síkúrù kankan. Ẹ fi rédíò sí USB (upper sideband, ọ̀kan lára ọ̀nà tí rédíò fi ń gba ohùn, kì í ṣe ihò USB kọ̀ǹpútà), kí ẹ wá ilé iṣẹ́ rédíò AM kan tó ń wọlé dáadáa, kí ẹ wá gbé díáàlì sí 1 kHz nísàlẹ̀ ibi tó wà. Ẹ ó gbọ́ fèrè kan tó ń dún láìdáwọ́dúró ní 1,000 Hz. Bí ẹ bá ń yí díáàlì sún mọ́ ọn, fèrè náà á máa wálẹ̀; bó bá ku 300 Hz, ó ti dé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ èèyàn wà lórí SSB (single sideband, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí USB jẹ́ apá kan rẹ̀). Níbi tí ariwo bá ti le jù, ẹ dúró. Ẹ wá máa fi ìka tẹ ara rédíò níbì kọ̀ọ̀kan: ìdérí òkè, àwọ̀n iwájú sípíkà, ẹsẹ̀ rẹ̀, irin tí wọ́n fi gbé e kọ́. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ tí ariwo dákẹ́, ibẹ̀ ló tú. (Ẹ kọ́kọ́ gbé bírò àti ìkọ́ máíkì kúrò lórí rédíò o. Ó pọ̀ tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń jó.)

Bó bá di dandan kí ẹ ṣí i, ẹ pa á, kí ẹ yọ wáyà iná àti ti áńtẹ́nà. Ara ìdérí òkè ni sípíkà sábà máa ń wà, wáyà rẹ̀ sì kúrú, nítorí náà, ẹ rọra gbé ìdérí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo wáyà yẹn kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Bó bá ti fara kan bébà sípíkà (èyí tó ń mì tó ń gbé ohùn jáde), òun fúnra rẹ̀ ló ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ẹ dè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí síkúrù sípíkà le, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti igun dé igun tó kọjú sí i. Ẹ má fún un pa. Bí irin sípíkà bá tẹ̀, kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń mi bébà) á máa ha ara òòfà, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín dá àrùn mìíràn sílẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá le dáadáa, tó ṣì ń dún, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín bébà lọ́gbọọgba, bíi 1 mm péré. Ó yẹ kó lọ kó bọ̀ láìdún. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń ha, ìdọ̀tí irin ti wọ ibi òòfà tàbí kọ́ìlì ti yẹ̀ kúrò láàárín. Afẹ́fẹ́ kì í lé ìdọ̀tí irin kúrò lára òòfà, ńṣe ló ń tì í wọlé sí i; téèpù tó ń lẹ̀ ni kí ẹ fi kó èyí tí ọwọ́ bá tó. Kọ́ìlì tó ti yẹ̀ kò ṣeé tún ṣe nínú sípíkà kékeré. Bébà tó ya díẹ̀ ṣeé lẹ̀: ẹ fi omi la gọ́ọ̀mù funfun, kí ẹ fi lẹ tíṣù fẹ́lẹ́ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ kíá máa ń le gbagidi, bébà á sì tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mítà tí ẹ fi sí ohm yẹ kó ka nǹkan bíi 6 sí 7.5 lára sípíkà 8 ohm. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ohm bára mu, kí wáàtì má dín, kí ẹ sì wọn bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe jìn. Bí ẹ bá fi 4 ohm rọ́pò 8, iná tó ń gba inú IC ohùn (ègé ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ohùn lágbára) kọjá lè di ìlọ́po méjì, á sì máa gbóná.

Ní ti ariwo tó bá tẹ̀ lé yín dé sípíkà ìta: bó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, máíkì tiẹ̀ ló ń kún jù, tàbí kí ẹ má tíì yí díáàlì bá a gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ ti gbogbo ẹni tó ń wọlé gan-an, ẹ pa noise blanker (èyí tó ń gé ariwo òjijì kúrò) àti preamp (èyí tó ń mú ìgbì tó ń wọlé lágbára sí i), kí ẹ sì dín RF gain (ìwọ̀n bí rédíò ṣe ń fún ìgbì tó ń wọlé lágbára tó) kù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín ń sọ̀rọ̀ jáde nìkan, agbára áńtẹ́nà ló ń gba wáyà sípíkà wọlé. Ẹ wé wáyà náà mọ́ òrùka ferrite (òrùka dúdú tó ń dènà irú agbára bẹ́ẹ̀). Ẹ tún wọn iná níbi tó ti wọ rédíò nígbà tí ohùn ròkè: 13.8 V ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, bó bá ń já wálẹ̀, ohùn á máa fọ́. Bí iná bá pé, tí ohùn sì ń fọ́ kódà nígbà tó rọlẹ̀, ẹ fi mítà sí DC, kí ẹ wọn láàárín wáyà sípíkà méjèèjì, pẹ̀lú ohùn ní òdo. Ó yẹ kó sún mọ́ 0 V. Bó bá ka fóltì bíi mélòó kan, ẹ yọ sípíkà lójú ẹsẹ̀ kí kọ́ìlì rẹ̀ tó jóná, torí IC ohùn tàbí kàpásítọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti sípíkà ló ti lọ.